Ọkọ̀ Ìwòran Dólífìnì Tí Wọ́n Gbé Wá Bá Wa N'Íbàdàn

Ìwé àyíká ni wọ́n ní kí oníbàárà wa lọ mú wá. Alhaja kan ni, tó ń ṣòwò ní Ring Road, tó ti pẹ́ tó ti ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ iléèwé, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtàwọn alásàlátù lọ sí Òkè Ìdànrè, Olúmọ àti Àgbádárìgì. Ó wá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kún un: kí èrò wọkọ̀ ní Àgbádárìgì, kí wọ́n bọ́ sójú òkun, kí wọ́n wo dólífìnì bó ṣe ń fò sókè, kí wọ́n sì rí àbùùbùtán nígbà tó bá jẹ́ àsìkò rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló fi fídíò irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá ló fẹ́ yá a lówó ọkọ̀, àwọn ló sì sọ pé àwọn ò ní í tú kọ́bọ̀ sílẹ̀ àfi bí ẹni tó mọ̀ nípa àyíká bá kọ̀wé sí i. Bí iṣẹ́ náà ṣe dé ọ́fíìsì wa ní Bódìjà nìyẹn.

Ilé epo, ilé búlọ́ọ̀kù, ọsìn ẹja àti iléeṣẹ́ tó ń da omi ìdọ̀tí sí gọ́tà ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ wá mọ́. Òkun ò sí n'Íbàdàn, àwọn ọ̀rẹ́ wa tó gbọ́ sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí à ń bi onílé búlọ́ọ̀kù náà la máa bi ẹni tó fẹ́ gbé èrò lọ wo dólífìnì. Kí ló wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé? Kí lẹ fẹ́ máa ṣe níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀? Bí nǹkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀, ta ló sì láṣẹ láti ní kí ẹ dúró?

Àwa mẹ́ta la jókòó tì í. Èmi, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó kàwé nípa ẹranko ìgbẹ́ àti ìrìn àjò afẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àgbàlagbà kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nípa ẹja pípa, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì. Nígbà tí Alhaja kọ́kọ́ wá, ó ti tẹ ètò rẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan. Ọkọ̀ kan, èrò méjìlá, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 45 lọ́dọ̀ àwọn dólífìnì nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó gbé e síwájú wa, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sáà kọ ọ́ fún wọn pé wíwò la fẹ́ wò ó, a ò fẹ́ pa á jẹ.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àbùùbùtán lágbàáyé pinnu ní 1982 pé kí wọ́n dáwọ́ pípa á fún títà dúró, ìpinnu náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti 1986. Láti ìgbà náà ni wíwò ti di òwò ńlá. Ní 2008, èèyàn bíi mílíọ̀nù 13 ló lọ wo àbùùbùtán àti dólífìnì ní orílẹ̀-èdè 119, owó tó sì tìdí rẹ̀ wọlé lé ní bílíọ̀nù 2 dọ́là. Ọ̀pọ̀ ìlú apẹja tí kò rí nǹkan kan ṣe mọ́ ló tibẹ̀ rí oúnjẹ jẹ. Nítorí náà, a ò fi ojú ọ̀tá wo ètò Alhaja. Ohun tí a sọ fún un ni pé wíwò náà ní ohun tó ń ná ẹran, iṣẹ́ wa sì ni láti mọ iye tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ òfin ò gba àsìkò púpọ̀. Òfin tó sọ pé ká yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká wò ti wà ní Nàìjíríà láti 1992, ìyẹn Dìkíríì 86 ayé ológun. Ní ti afẹ́ etíkun, ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é ni hòtẹ́ẹ̀lì ńlá, èyí tí yàrá rẹ̀ bá ju 80 lọ. Ọkọ̀ kan tó gbé èèyàn méjìlá kò sí lára iṣẹ́ tí òfin náà to orúkọ wọn. Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kí Alhaja wá sọ́dọ̀ wa, yàtọ̀ sí àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ Mọ́kọ́lá. Mo kan sáárá sí wọn. Àwọn báńkì ńlá kan ò bèèrè tó bẹ́ẹ̀.

Dádì ló kọ́kọ́ rí àléébù inú ètò náà, kò sì tíì dé orí ọ̀rọ̀ ẹran rárá. Ó na ìka sí máàpù: “Alhaja, ibo lọkọ̀ yín fẹ́ gbà wọ òkun?” Ẹni tó bá ti dé Àgbádárìgì mọ̀ pé ọ̀sà ló wà níwájú ìlú. Òkun wà lódì kejì, lẹ́yìn ilẹ̀ iyanrìn Gbẹ́rẹ̀fú, níbi tí wọ́n gba kó àwọn ẹrú lọ. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà láti ọ̀sà bọ́ sí òkun níbẹ̀. Àwọn apẹja Gbẹ́rẹ̀fú máa ń ti ọkọ̀ wọn láti orí iyanrìn gba inú ìgbì kọjá ni, èèyàn mẹ́wàá ló ń tì í, wọ́n á máa ka ìgbì, wọ́n á fò wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A ò lè ní kí àwọn alásàlátù ṣe bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ máa gba inú ọ̀sà lọ dé Èkó, kó gba ẹnu ibùdókọ̀ òkun tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá ń gbà wọlé, kó tó rí òkun. Alhaja dákẹ́ díẹ̀, ó ní ọmọ òun ò sọ ìyẹn fún òun.

A kọ ọ́ sílẹ̀, a ní kí ètò náà ka Tarkwa Bay, etíkun tó wà lẹ́nu ibùdókọ̀ òkun Èkó náà, sí ibi ìgbéra, a sì kọjú sí ẹran.

Oríṣi méjì ni Alhaja pọ̀ pọ̀ nínú ìwé rẹ̀, wọn ò sì jọra lọ́nà kankan tó kan iṣẹ́ wa. Àbùùbùtán tó ń wá sí apá ibí ni oníké, èyí tó lè gùn tó mítà 15, tó sì lè wọn tọ́ọ̀nù 30. Gúúsù pátápátá, nínú omi yìnyín, ló ti ń jẹun. Bí òtútù bá dé síbẹ̀, á máa bọ̀ wá sí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti bímọ àti láti gùn. Wọ́n ń rí i ní etí òkun Gánà, Bẹ̀nẹ̀ àti Gàbọ́ọ̀nù, láti nǹkan bí Oṣù Keje dé Oṣù Kẹwàá. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú nínú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹun títí yóò fi padà lọ. Ọ̀rá ara rẹ̀ ló ń jẹ, òun náà ló ń sọ di wàrà fún ọmọ. Bí ọkọ̀ bá lé e sáré, ọ̀rá tó fẹ́ fi tọ́mọ ló ń jó dànù. Àsìkò kan náà yìí ni ìgbì òkun wa máa ń le jù. Kò sẹ́ni tó máa jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ kékeré níbẹ̀ láìbì.

Dólífìnì ló gbé wàhálà wá. Oríṣiríṣi ló wà lójú agbami, àwọn kan sì ń rìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Èyí tó máa sún mọ́ etíkun tí ọkọ̀ Alhaja á lè tètè rí ni dólífìnì oníké ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sousa teuszii. Agbárí rẹ̀ kan láti Kamẹrúùnù ni wọ́n fi kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1892. Kò sí níbòmíràn láyé àyàfi láti Ìwọ̀-oòrùn Sàhárà títí dé Àǹgólà. Omi tí kò jìn, tí kì í sábà ju mítà 20 lọ, ló ń gbé, lẹ́bàá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, lẹ́nu odò. Gbogbo èyí tó kù láyé kò tó 3,000, láti 2017 ni wọ́n sì ti kà á mọ́ àwọn ẹran tó kù díẹ̀ kó pa run. Kì í tẹ̀lé ọkọ̀ ṣeré bíi ti inú fídíò Kánádà. Ojú ń tì í. Bó bá gbúròó ẹ́ńjìnnì, á rì sílẹ̀, á yọjú níbòmíràn.

Níbi tí a dé yìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin wa ti ṣàlàyé fún Alhaja lọ́nà tó yé e. Ẹ fi ojú inú wo abiyamọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ ọmọ sùn, tó fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, tí àlejò wá ń kan ilẹ̀kùn, tí wọ́n kan fẹ́ wo ọmọ. Àlejò kan ò pa á lára. Àlejò mẹ́fà lóòjọ́, lójoojúmọ́, ìyá á gbẹ, wàrà á gbẹ. Alhaja rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá ọkọ òun ṣe é fún òun rí.

Ẹni tó bá ń yẹ irú iṣẹ́ yìí wò ní láti ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń kó jọ. Ti ojú ẹsẹ̀ rọrùn láti rí: ẹran rì sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó yí ọ̀nà padà, ó dá oúnjẹ tàbí oorun dúró. Ọkọ̀ bá lọ, ẹran bá padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, oníṣòwò á ní ṣé ẹ rí i pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Èyí tó ń kó jọ ló ń ṣọṣẹ́. Dólífìnì ìyá a máa lóyún fún nǹkan bí ọdún kan, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí, ó sì lè tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bí òmíràn. Bí ó bá pàdánù ọmọ kan ní gbogbo ìgbà méjì tó bá bí, ọdún mélòó kan á kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ìdí nìyí tí a fi lo àkókò jù lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Shark Bay, ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ti ń da àwọn dólífìnì ibẹ̀ mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nípa ojú ọgbẹ́ àti ìlà tó wà ní etí lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn wọn. Nígbà kan kò sí ọkọ̀ ìwòran níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó di méjì. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2006 ni pé nígbà tó di méjì, dólífìnì tó wà níbi tí ọkọ̀ ń ná dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Ibi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ọkọ̀ ìwòran ò dé, wọn ò dín kù níbẹ̀. Ọkọ̀ méjì péré, ọkọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, tó ń tẹ̀lé òfin. Ìjọba ibẹ̀ gba ìwé àṣẹ kan padà.

Ohun méjì ló jẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti ń kà á kí ọkọ̀ tó pọ̀, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n lè fi wéra. Ká ní wọn ò ní méjèèjì ni, àwọn dólífìnì tó kù sí tòsí ọkọ̀ ni wọn ì bá máa wò, wọn ì bá sì sọ pé ọkọ̀ ti mọ́ wọn lára. Àwọn tí ọkọ̀ ò mọ́ lára ti kó lọ, wọn ò sí níbẹ̀ láti jẹ́rìí.

Kì í ṣe Ọsirélíà nìkan. Ní Hawaii, dólífìnì kan wà tó ń jẹun lóru, tó ń wá sun lọ́sàn-án nínú omi tí kò jìn, ìyẹn gan-an ní wákàtí tí àwọn arìnrìn-àjò fẹ́ bá a lúwẹ̀ẹ́. Ní 2021 ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kẹ́nikẹ́ni má sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi mítà 45 lọ. Ní Doubtful Sound, ní Niu Silandi, níbi tí dólífìnì ò pọ̀, wọ́n fi àdéhùn àwọn ọlọ́kọ̀ ya àwọn ibì kan sọ́tọ̀ ní 2008 tí ọkọ̀ ò ní í máa lé ẹran wọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ pé kí wíwò dópin.

A wá mú ètò Alhaja, a ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú rẹ̀ lórí bébà. Ojúmọmọ níbí jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12, ìyẹn ìṣẹ́jú 720. Ẹ̀ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 45 lẹ́ẹ̀kan, á jẹ́ 90. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ojúmọmọ ni ọkọ̀ kan ṣoṣo máa gbà lọ́wọ́ agbo dólífìnì kékeré kan, bó bá jẹ́ agbo kan náà ló ń rí lójoojúmọ́, irú agbo tí kì í kúrò ládùúgbò sì ni ti oníké yìí. Bí òwò náà bá dára, a mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí: kí ọdún tó yí, ẹlòmíràn á ra ọkọ̀, ẹnì kẹta á tẹ̀lé e. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ nìyẹn. Alhaja gba bírò lọ́wọ́ mi, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà. Láti ìgbà yẹn ni kò ti sọ “wíwò la fẹ́ wò ó” mọ́.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí ló gbé wa dé Elẹ́yẹlẹ́. Nínú ìlànà Ọsirélíà, ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àbùùbùtán ju mítà 100 lọ, tàbí dólífìnì ju 50 lọ; láti mítà 300 sí àbùùbùtán àti 150 sí dólífìnì ni yóò ti dín eré kù, ọkọ̀ mẹ́ta ló sì pọ̀ jù tó lè wà láàárín ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọrùn láti da ìyẹn kọ sínú ìwé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó máa wa ọkọ̀ lè mọ̀ pé òun ti dé mítà 100. Adágún Elẹ́yẹlẹ́, tí wọ́n ti sé odò Ọ̀nà láti 1942, ò jìnnà sí Bódìjà, àwọn apẹja sì wà níbẹ̀. A ra kẹ́ẹ̀gì òfìfo, a fi okùn àti òkúta so wọ́n mọ́lẹ̀ nínú omi, a wọn 50, 100 àti 300 láti ibi tí ọkọ̀ dúró, a sì ní kí àwọn tó wà létí omi sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí.

Kẹ́ẹ̀gì tó wà ní mítà 100, àwọn kan ní 40, àwọn kan ní 200. Àna Alhaja, ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́, búra pé kò ju 60 lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà á bó ṣe yẹ, apẹja kan tí kò tilẹ̀ sọ iye mítà. Ó wò ó, ó ní bí òun bá na àwọ̀n òun láti ibí, méjì á dé ibẹ̀, á ṣẹ́ kù díẹ̀. A wọn àwọ̀n rẹ̀: kò parọ́. Torí náà, a yọ mítà kúrò nínú ìlànà tí a kọ fún awakọ̀. Ọkọ̀ tí Alhaja fẹ́ rà gùn tó mítà mẹ́wàá. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé kó fi gígùn ọkọ̀ mẹ́wàá sílẹ̀, nítorí gígùn ọkọ̀ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́.

Apẹja kan náà ló fi ohun kejì hàn wá. Wọ́n ti bá wa wá ọkọ̀ kan tó ní ẹ́ńjìnnì ìdí tí wọ́n ń pè ní fọ́tì, ó sì ń lọ ní apá kejì adágún, lẹ́yìn ewé tó bo orí omi. Etí wa ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ti àjẹ̀ rẹ̀ bọ omi, ó ní kí n fi eegun etí kan ìdí rẹ̀. Ariwo náà gba inú igi wọlé bíi pé ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Bí awakọ̀ bá ṣe fún un níná, ó ń pariwo. Bó bá dẹwọ́, ó ń rọlẹ̀. Nínú omi, ohùn ń sáré tó nǹkan bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 340 ni nínú afẹ́fẹ́, ó sì ń rìn jìnnà kó tó kú. Etí ni dólífìnì fi ń wá oúnjẹ, etí ló fi ń wá ọmọ. Mo ní kí àna Alhaja náà fetí sí i. Lẹ́yìn èyí, kò sí iyàn jíjà lórí dídẹwọ́ iná mọ́. Òun gan-an ló ní kí a fi kún un pé awakọ̀ ò gbọ́dọ̀ gba iwájú ẹran tàbí kó há wọn mọ́ àárín ọkọ̀ àti iyanrìn.

Ìjà tó wà láàárín àwa mẹ́ta ò kan Alhaja. Dádì ní a ń fi ọ̀pá gbọọrọ pa èèrà. “Àwọ̀n ló ń pa dólífìnì ní etíkun yìí, kì í ṣe ojú èèyàn,” ó tún un sọ títí. Òótọ́ ni. Àwọ̀n tí wọ́n dẹ sílẹ̀ fún ẹja mìíràn ló ń mú wọn, wọn ò lè gòkè wá mí, wọ́n á kú sínú rẹ̀. Ní àwọn ibì kan, wọ́n ń ta ẹran rẹ̀, ní Gánà wọ́n ń fi ṣe ìjẹ tí wọ́n fi ń mú ẹja yanyan. Èrò Dádì ni pé bí owó bá ti ara dólífìnì alààyè wọlé fún apẹja, á ní ìdí tí yóò fi gé àwọ̀n nígbà tó bá mú un. Ọ̀dọ́mọbìnrin wa ní ẹran tí àwọ̀n ti ń pa tó báyẹn kò lè ru ẹrù kankan mọ́, ì báà fẹ́lẹ́.

Mo gbè sẹ́yìn ọ̀dọ́mọbìnrin náà lórí dólífìnì oníké, mo gba ti Dádì lórí ojú ìwé àkọ́kọ́. Àwọ̀n la kọ síbẹ̀, kí ẹni tó bá kà á má rò pé ọkọ̀ Alhaja ni ìṣòro àkọ́kọ́ òkun wa. Ṣùgbọ́n ohun tí Dádì sọ nípa owó yẹn, mo ní kó fi hàn mí ibi tí owó náà máa gbà dé ọwọ́ apẹja nínú ètò yìí. Kò sí níbẹ̀. Alhaja, awakọ̀ àti oníṣòwò epo lowó ń lọ bá.

A fi gbólóhùn díẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì náà. Láti Ìbàdàn dé Àgbádárìgì kò dín púpọ̀ sí kìlómítà 200 ní àlọ nìkan, pẹ̀lú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Èkó, díísù tí bọ́ọ̀sì náà sì máa jó lè ju ti ọkọ̀ ojú omi lọ. Kò sí àrà tí a lè fi dá ju pé kí bọ́ọ̀sì má lọ láìkún. Ìdọ̀tí, pàápàá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, a kọ ọ́, a sì kọjá.

Ìwé tí a fún àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò sọ pé “kò léwu,” kò sì sọ pé “má ṣe é.” A ní kí wọ́n má yáni lówó fún wíwo dólífìnì etíkun rárá, nítorí pé kò sẹ́ni tó tíì ka iye tó wà níbi tí ọkọ̀ náà fẹ́ máa ná, a ò sì ní lè mọ̀ bó bá ń dín kù. Fún àbùùbùtán, a ní ọkọ̀ kan lè lọ ní àsìkò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, kó jókòó ti agbo kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, kó sì yẹra fún ìyá tó bá ní ọmọ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́nikẹ́ni má bọ́ sínú omi. Ṣáájú ìyẹn, kí ọdún kan kọjá tí àwọn apẹja á fi máa kọ ohun tí wọ́n bá rí lókun sílẹ̀: ọjọ́, ibi, iye, ọmọ tàbí àgbà. A sì kọ ohun tó máa mú kí ọkọ̀ dúró síbẹ̀ kí owó tó jáde, torí pé lẹ́yìn tí gbèsè bá ti wà lọ́rùn ẹni, kò sẹ́ni tí í gbà pé ẹran ti dín kù.

Alhaja ka ìwé náà tán, ó yọ awò ojú. Ó ní, “Ó dáa. Bí mo bá dúró ọdún kan, tí ẹlòmíràn gbé ọkọ̀ tiẹ̀ sókun lọ́la ńkọ́? Èmi tí mo bèèrè ni màá jẹ̀bi?” Ìbéèrè tó dára jù tí ẹnikẹ́ni bi wá nìyẹn. Kò sí ìwé àṣẹ fún wíwo dólífìnì níbí bíi ti Shark Bay, torí náà kò sí ohun tí ìjọba lè gbà padà lọ́wọ́ ẹni kejì. Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2023, ni mo rò pé ó yẹ kó ṣe é, kó sì tètè ṣe é nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì náwó lé e. A kọ ìyẹn sínú ìwé náà, a sì gba Alhaja níyànjú pé kó lọ bá ẹgbẹ́ apẹja àti baálẹ̀ ibẹ̀ ṣe àdéhùn, pé ọkọ̀ kan ni, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ bá òun pín ọjọ́.

Ẹgbẹ́ náà ò yá a ní owó ọkọ̀. Owó kékeré ni wọ́n fún un, ó fi ra awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó kọ́ àtíbàbà kan sórí iyanrìn Gbẹ́rẹ̀fú, níbi tí èrò rẹ̀ máa ń dé tẹ́lẹ̀ nítorí ìtàn ẹrú. Láti Oṣù Keje, apẹja kan máa ń dúró níbẹ̀ tó ń fi omi tí àbùùbùtán ń fẹ́ sókè hàn wọ́n bó bá yọ. Ọjọ́ mìíràn, wọn kì í rí nǹkan kan. Alhaja ní àwọn ọmọ iléèwé ò bínú, àwọn olùkọ́ ló ń bínú.

Ìwé àkọsílẹ̀ àwọn apẹja ló kù tí a ò tíì parí ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí a máa san owó fún gbogbo ìgbà tí wọ́n bá rí dólífìnì. Dádì kọ̀ jálẹ̀: bí owó bá wà lórí rírí, ojoojúmọ́ ni wọ́n máa rí i, kódà nígbà tí wọn ò wọ òkun. Owó ojúmọ́ ló fẹ́ kí wọ́n máa gbà, iye kan náà, bí wọ́n rí i bí wọn ò rí i, torí pé ọjọ́ tí wọn ò rí nǹkan náà ṣe pàtàkì fún ìṣirò. Akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ò gbà. Ó ní òun ò lè ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Mọ́kọ́lá pé àwọn ń sanwó fún bébà tí wọ́n kọ “a ò rí nǹkan kan” sí. Dádì ti ní kí wọ́n pe òun sí ìpàdé wọn tó ń bọ̀, òun á wá ṣàlàyé fúnra òun.